Àńtírọpọ́lọ́jì: irú ẹ̀rí wo lo lè jókòó tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹnìkan sọ fún mi pé àńtírọpọ́lọ́jì ni ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń hú egungun òkú kiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Báwo ni àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra, èwo ni kí n yàn, ṣé iṣẹ́ sì wà fún ẹni tó bá kà á? Bí ìṣirò bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi, nítorí n kò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì tó bá ọ sọ̀rọ̀ kò purọ́, ibi tí ọwọ́ kálukú wọn dé ni wọ́n sọ. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ ìmọ̀ yìí ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí kò ju ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn lọ. Ìtumọ̀ yẹn kò tíì là ọ́ lọ́yẹ, nítorí pé àwọn oníṣègùn, àwọn amòfin, àwọn òpìtàn àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé náà ń kọ́ nípa ènìyàn. Ohun tó ya àńtírọpọ́lọ́jì sọ́tọ̀ ni pé kò gbà kí a fi ìgbé ayé àwùjọ kan ṣoṣo ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ẹ̀dá. Bí ẹnìkan bá kéde pé báyìí ni ènìyàn ṣe ń tọ́ ọmọ, tàbí pé báyìí ni ènìyàn ṣe ń pín ogún, onímọ̀ àńtírọpọ́lọ́jì yóò bi í léèrè pé ènìyàn ibo, ní ìgbà wo, àti pé ta ló lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Kí òun fúnra rẹ̀ tó lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi àwùjọ kan wé òmíràn, kí ó fi ayé òde òní wé ayé tó ti kọjá láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kí ó sì fi ènìyàn wé àwọn ẹranko tó bá a tan jù lọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ka mẹ́rin tí wọ́n máa ń kà fún ọmọ tuntun ti wá. Èkíní ń wo àṣà àti ìbágbépọ̀ àwọn tó wà láàyè, èkejì ń wo ara ènìyàn àti bó ṣe di ohun tó dà lónìí, ẹ̀kẹta ni ìwalẹ̀pìtàn, ẹ̀kẹrin sì ń wo èdè lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Bí ìwé àlàyé àwọn yunifásítì ṣe máa ń tò wọ́n nìyẹn, títò bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lójú tèmi, ẹ̀rí ló pín wọn, ìbéèrè wọn kò yàtọ̀. Ọ̀kan ń wá ìdáhùn lára egungun, ọ̀kan nínú ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe tó sì fi sílẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀kan nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́ àwọn tó gbà kí a wá bá wọn gbé. Nítorí náà, dípò kí o máa wá ẹ̀ka tó lókìkí jù, bi ara rẹ léèrè irú ẹ̀rí tí ìwọ lè jókòó tì fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsú ọ.

Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí tó sún mọ́ ọn jù lọ ni Franz Boas, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí ní 1858. Ìmọ̀ físíìsì ló kọ́kọ́ kà. Àwọ̀ omi ni ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Kiel ní 1881 dá lé. Ní 1883, ó wọkọ̀ lọ sí erékùṣù Baffin ní àríwá Kánádà, ó sì bá àwọn Inuit, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, gbé títí di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló fẹ́ yà sórí ìwé, àmọ́ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà ló gba ọkàn rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Columbia ní New York ní 1899, ó ń wọn orí ènìyàn, ó ń kó ìtàn àtẹnudẹ́nu jọ, ó ń kọ gírámà àwọn èdè tí kò tíì ní àkọsílẹ̀, kò sì rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ dí òmíràn lọ́wọ́. Margaret Mead, Ruth Benedict, Edward Sapir àti Zora Neale Hurston wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí o lè mọ̀ pé fífẹ́ràn ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí pa pọ̀ kì í ṣe àléébù níbí.

Ẹ̀ka àṣà àti ìbágbépọ̀ ló gbòòrò jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì lóye jù. Ní 1871, Edward Tylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé àṣà ni gbogbo ìmọ̀, ìgbàgbọ́, iṣẹ́ ọnà, ìwà, òfin àti ìṣe tí ènìyàn kọ́ nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwùjọ. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀ ni kíkọ́: a kì í bí àṣà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Tylor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí àga ìjókòó wọn. Ìwé tí àwọn arìnrìn-àjò, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń to gbogbo ènìyàn ayé sórí àkàbà kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò yani lẹ́nu pé ẹni tó kan àkàbà náà ló máa ń bá ara rẹ̀ lókè téńté.

Bronislaw Malinowski, tí wọ́n bí ní Kraków ní 1884, wà lára àwọn tó da àkàbà yẹn nù, òun ló sì sọ gbígbé pẹ̀lú àwọn ènìyàn di òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà. Láàárín 1915 sí 1918, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ gbé ní àwọn erékùṣù Trobriand, tó wà lára ilẹ̀ Papua New Guinea lónìí. Ó pàgọ́ sáàárín ilé àwọn ará abúlé, ó kọ́ èdè wọn, ó sì ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ìwé tó gbé jáde ní 1922 ṣàlàyé kúlà, ìyẹn pàṣípààrọ̀ kan tí àwọn ọkùnrin ń torí rẹ̀ fi ẹ̀mí wewu lórí òkun. Ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi ìkarahun pupa ṣe ń lọ láti erékùṣù dé erékùṣù gba apá kan, ẹ̀gbà apá tí wọ́n fi ìkarahun funfun ṣe ń gba òdìkejì bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń mú ọ̀kankan nínú wọn pa mọ́ títí láé. Lójú ẹni tó kàn ń kọjá lọ, òwò tí kò lérè ni. Ẹni tó bá wọn jókòó pẹ́ ló rí i pé àwọn ìkarahun wọ̀nyẹn ń gbé orúkọ rere àti ọ̀rẹ́ kiri láàárín àwọn tí omi pín níyà, àti pé òwò gidi ń bá wọn rìn lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Oògùn tí ìmọ̀ yìí rí fún un ni pé kí àlejò pẹ́ títí tí ojú rẹ̀ yóò fi là.

Má ṣe sọ Malinowski di òrìṣà, ṣá o. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde ní 1967, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìbínú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àwọn tó gbà á lálejò kún inú rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀, nítorí pé ojú tí a fi ń wo ẹ̀rí wà lára ẹ̀rí náà.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ẹ̀ka yìí wá láti ọwọ́ E. E. Evans-Pritchard, tó gbé láàárín àwọn Azande ní gúúsù Sudan ní àwọn ọdún 1920, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1937. Ní ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn ibẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ àká nítorí òjìji rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, àká á wó lu àwọn tó jókòó. Àwọn Azande mọ̀ dájú pé ikán ló ti jẹ òpó rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti wá ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn yìí gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó wó. Ikán dáhùn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, àjẹ́ sì dáhùn ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn tó ń wò láti òkèèrè ti rò pé ẹni tó bá gba àjẹ́ gbọ́ kò lè ronú láti orí ohun tó fa nǹkan dé orí àbájáde rẹ̀. Evans-Pritchard fi hàn pé àlàyé wọn bára mu látòkè délẹ̀, àti pé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi sílẹ̀ láìdáhùn, tí wọ́n kàn ń pè ní èèṣì. Kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àjẹ́ gbọ́. Ó ní kí ó gbọ́ ìbéèrè yé kí ó tó ṣe lámèyítọ́ ìdáhùn.

Bí o bá ti gbọ́ pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ló máa ń lọ wo ọmọ abúlé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Jomo Kenyatta, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Malinowski ní London School of Economics, gbé ìwé jáde ní 1938 lórí àwọn Kikuyu tí òun fúnra rẹ̀ ti wá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Fei Xiaotong, akẹ́kọ̀ọ́ Malinowski mìíràn, gbé tirẹ̀ jáde lórí abúlé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà tó jẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀. Lónìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀ka yìí ń bá àwọn oníbáńkì, àwọn dókítà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ilé ìwádìí wọn, àti àwọn aṣíkiri ní ẹnubodè jókòó pẹ̀lú ọ̀nà kan náà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ka ara ènìyàn fa ìwọ mọ́ra, nítorí ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí tí o fẹ́ràn. Ìtàn kan níbẹ̀ yóò jẹ́ kí o mọ bí ẹ̀rí egungun ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bó ṣe ń tanni jẹ. Ní 1912, àwọn kan kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n rí ẹni àtijọ́ kan ní Piltdown: agbárí rẹ̀ tóbi bíi ti ènìyàn òde òní, egungun párì rẹ̀ sì dà bíi ti ìnàkí. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé dùn, nítorí pé ohun tí wọ́n ti ń retí ni pé ọpọlọ ló kọ́kọ́ tóbi kí ohun mìíràn tó yí padà. Ní 1924, wọ́n rí agbárí ọmọdé kan ní ibi ìwakùsà ní Taung ní South Africa, Raymond Dart sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ti èyí yàtọ̀ pátápátá: ọpọlọ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ibi tí ihò ọ̀pá ẹ̀yìn wà lábẹ́ agbárí náà fi hàn pé ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà inú ìmọ̀ náà kò dá a lóhùn fún ọdún púpọ̀, ohun tí Piltdown ti kọ́ wọn sì wà lára ìdí rẹ̀. Ìgbà tó di 1953 ni àṣírí tú pé ayédèrú ni Piltdown: agbárí ènìyàn ni wọ́n so mọ́ párì ọ̀ràngútánì, wọ́n fi ayùn ha eyín rẹ̀, wọ́n sì pa á láró kí ó lè dà bí ohun àtijọ́.

Egungun tí a wá rí lẹ́yìn náà gbè sẹ́yìn Dart. Ní oṣù kọkànlá 1974, Donald Johanson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí obìnrin kan tí wọ́n sọ ní Lucy ní Hadar ní Ethiopia. Ó ti tó mílíọ̀nù ọdún 3.2, nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún egungun rẹ̀ ló sì wà, débi tí egungun ìbàdí àti ti itan rẹ̀ fi lè sọ bó ṣe ń rìn. Ní 1978, àwọn tí Mary Leakey ń darí rí ojú ẹsẹ̀ nínú eérú òkè ayọnáyèéfín tó ti gan ní Laetoli ní Tanzania, tó ti ju mílíọ̀nù ọdún 3.6 lọ. Ẹsẹ̀ ti ń rìn kí ọpọlọ tó tóbi, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún láàárín.

Kì í ṣe ohun tó ti kú nìkan ni ẹ̀ka yìí ń wò. Jane Goodall lọ sí Gombe ní Tanzania ní 1960, kò sì tíì ní oyè yunifásítì kankan nígbà náà. Ní ọdún yẹn kan náà ló rí ìnàkí tó ń ti koríko bọ inú ọ̀gán láti fi fa ikán jáde jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé àwọn àgbà ti sọ pé ènìyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Ẹ̀ka yìí náà ló ti dẹ́ṣẹ̀ jù ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, nítorí pé àwọn tó ń wọn orí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lo ìwọ̀n wọn láti fi sọ pé àwọn kan sàn ju àwọn kan lọ. Boas fi ohun ìjà wọn bá wọn jà. Láti 1908, ó wọn orí àwọn aṣíkiri àti ọmọ wọn ní New York, iye wọn sún mọ́ 18,000, ó sì rí i pé orí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òbí wọn. Bí ibùgbé bá lè yí orí padà, kò sí bí orí ṣe lè jẹ́ àmì ẹ̀yà tí kì í yẹ̀. Ohun tí mo yìn jù nínú rẹ̀ ni pé ní 1928 ó tẹ gbogbo ìwọ̀n náà jáde bí ó ṣe kó o. Nígbà tí àríyànjiyàn tún bẹ́ sílẹ̀ lórí bí ìyípadà náà ṣe tóbi tó ní 2002 àti 2003, àwọn méjèèjì tó ń jiyàn rí nọ́ńbà rẹ̀ ṣírò.

Ẹni tó sọ fún ọ pé a ń hú egungun òkú kiri lè ti gbọ́ nípa àwọn tó ń bá ilé ẹjọ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun kógbá sílé ní Argentina ní 1983, àwọn ìyá ń wá ọmọ tí wọ́n ti jí gbé. Clyde Snow, onímọ̀ egungun láti Amẹ́ríkà, lọ síbẹ̀ ní 1984, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ wa sàréè, bí egungun ìbàdí ṣe ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bí eyín àti oríkèé tó ti so pọ̀ tàbí tí kò tíì so ṣe ń sọ ọjọ́ orí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì ti lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ́wọ́.

Ìwalẹ̀pìtàn ni ìwọ tó fẹ́ràn ìtàn yóò kọ́kọ́ rò pé o mọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìtàn ni pé òpìtàn ń gbára lé ohun tí ẹnìkan fẹ́ kí a mọ̀ tó fi kọ ọ́ sílẹ̀, awalẹ̀pìtàn sì ń gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé a óò wò: àpáàdì, èédú, egungun ẹran, ihò òpó ilé. Ipò tí wọ́n ti rí nǹkan nínú ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju nǹkan náà lọ; ìdí nìyí tí ẹni tó bá wú ère jáde láti tà fi ba ohun tó pọ̀ ju ère jẹ́. Láti 1949 tí Willard Libby, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ti fi hàn pé a lè fi kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù tó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó ti kú, mọ ọjọ́ orí ohun tó ti wà láàyè rí (ìdajì kábọ́ọ̀nù náà a máa lọ ní ọdún 5,730), iṣẹ́ yìí ti kúrò ní àbá. Ọ̀nà náà kò kọjá nǹkan bí ọdún 50,000 sẹ́yìn, nítorí náà ọjọ́ orí eérú òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n fi mọ ti Lucy.

Bí o bá rò pé ohun àtijọ́ nìkan ni iṣẹ́ wọn, William Rathje ní yunifásítì Arizona yóò yà ọ́ lẹ́nu. Ní 1973, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba pàǹtírí ilé ní ìlú Tucson, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń fi wé ohun tí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn sọ. Ọtí tí agolo àti ìgò inú pàǹtírí jẹ́rìí sí pọ̀ ju èyí tí àwọn ènìyàn jẹ́wọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n wa ààtàn ńlá, wọ́n rí ìwé ìròyìn tó ti wà nísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ṣì ṣeé kà, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ayé ti rò pé ìwé máa ń jẹrà kíákíá. Ẹ̀rí tí kò lẹ́nu kò lè purọ́ nítorí ìtìjú.

Ẹ̀ka èdè kéré jù ní iye ènìyàn, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò bá mi jà. Onímọ̀ ẹ̀dá èdè lè jókòó ti gbólóhùn kan lórí ìwé; onímọ̀ àńtírọpọ́lọ́jì èdè fẹ́ mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe láàárín wọn. Àwọn tó ń sọ Guugu Yimithirr ní àríwá Queensland ní Australia, èdè tí ọ̀rọ̀ náà kangaroo ti wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1770, kì í sọ pé nǹkan wà lápá ọ̀tún tàbí òsì rẹ. Àríwá, gúúsù, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń lò, àní fún kòkòrò tó bà sí ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àríwá wà nígbà gbogbo, nínú ilé àti nínú òkùnkùn. Bóyá èdè ló ń darí èrò, tàbí ó kàn ń fún un ní àṣà, ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí.

Jẹ́ kí n wá fi àrùn kan hàn ọ́ tí ẹ̀rí kan ṣoṣo ìbá ti kùnà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àrùn tí wọ́n ń pè ní kúrú ń pa àwọn ènìyàn Fore ní òkè Papua New Guinea. Ara á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ kò ní gbé aláìsàn mọ́, kì í sì í pẹ́ tó fi ń kú. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń pa jù. Ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ayé ní 1957, nítorí pé inú ẹbí ló sì ń rìn, àwọn kan rò pé àrùn àjogúnbá ni. Shirley Lindenbaum àti Robert Glasse, onímọ̀ àńtírọpọ́lọ́jì, lọ gbé láàárín àwọn Fore láti 1961. Wọ́n ń béèrè ìbátan ilé dé ilé, wọ́n sì ń bi àwọn àgbà léèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí kúrú. Àwọn àgbà rántí: àrùn náà ti dé lójú ayé wọn, láti abúlé kan sí òmíràn. Ohun tó ń jẹ́ àjogúnbá kì í yára tàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn Fore ti máa ń jẹ ẹran ara olóògbé wọn nígbà ìsìnkú láti fi bu ọlá fún un, àti pé àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń jẹ ẹ́ jù, tí àgbà ọkùnrin kì í sábà bá wọn jẹ. Ìwádìí inú ilé àyẹ̀wò, nínú èyí tí wọ́n ti kó àrùn náà ran ìnàkí, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ranni, Carleton Gajdusek, dókítà tó darí ìwádìí náà, sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1976. Àwọn Fore ti jáwọ́ nínú àṣà náà láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá, àrùn náà sì tán díẹ̀díẹ̀. Láìsí ẹni tó mọ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ òkú lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, láìsí pé ó pẹ́ níbẹ̀ tó, ilé àyẹ̀wò ì bá máa wá jíìnì tí kò sí.

Nípa ibi tí wàá ti kà á, wo orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà dáadáa kí o tó san owó fọ́ọ̀mù. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábà máa ń wà lábẹ́ òrùlé kan, a ó sì kọ́ ọ ní díẹ̀díẹ̀ nínú wọn ní ọdún kìíní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àńtírọpọ́lọ́jì àwùjọ sábà máa ń dá dúró, ìwalẹ̀pìtàn a sì ní ilé tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, orúkọ náà gan-an ti fi ìgbà pípẹ́ túmọ̀ sí ẹ̀kọ́ nípa ara, àṣà sì ní orúkọ ọ̀tọ̀. Fún ẹni tó fẹ́ràn ohun méjì bíi tìrẹ, tí kò sì tíì mọ irú ẹ̀rí tó lè jókòó tì, ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà pọ̀ ni mo gbà ọ́ níyànjú.

Wàá tún bá ìtàn búburú pàdé nínú kíláàsì, má jẹ́ kí ó bá ọ lójijì. Ìmọ̀ yìí dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọba amúnisìn, àwọn kan nínú rẹ̀ sì sìn ín. Sarah Baartman, tí wọ́n mú kúrò ní gúúsù Áfíríkà lọ fi ṣe ìran wò ní London àti Paris, kú ní 1815. Wọ́n gbé egungun rẹ̀ sínú ilé ọnà ní Paris, ọdún 2002 ni wọ́n tó dá a padà sílé fún ìsìnkú. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1990 kan ló fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba egungun àwọn bàbá ńlá wọn padà lọ́wọ́ ilé ọnà àti yunifásítì. Bí ó bá ṣe pé lónìí ni, kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan fún ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí o fẹ́ ṣe, kí ó sì gbà, pẹ̀lú àǹfààní láti kọ̀.

Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́: ìpolówó díẹ̀ ló máa kọ àńtírọpọ́lọ́jì sórí. Nínú ètò ìlera ni mo ti rí i pé wọ́n nílò rẹ̀ jù. Nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láàárín 2014 sí 2016, àwọn ìdílé ń fi òkú wọn pamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé e lọ láìsí ọ̀wọ̀. Àwọn onímọ̀ àńtírọpọ́lọ́jì wà lára àwọn tó bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́ títí ìsìnkú tó láàbò fi di ìsìnkú tó tún ní ọ̀wọ̀. Paul Farmer, tó wà lára àwọn tó dá Partners In Health, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn tó jẹ́ tálákà, sílẹ̀ ní 1987, gba oyè ìṣègùn àti ti àńtírọpọ́lọ́jì pọ̀ ní Harvard. Àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀rọ náà ń gbà wọ́n: Julian Orr, onímọ̀ àńtírọpọ́lọ́jì, bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ aṣẹ̀dà ìwé Xerox ṣe rìn kiri, ó sì rí i pé ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn nídìí oúnjẹ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́, ju ìwé ìtọ́ni tí iléeṣẹ́ kọ fún wọn lọ. Ilé ọnà wà, ilé ẹjọ́ wà, ìwalẹ̀ tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń béèrè kí wọ́n tó la títì tàbí kọ́ ilé ńlá sì ń gba ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn síṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí tirẹ̀ ní yunifásítì yóò ní láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìyẹn sì lè gbà tó ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́.

Ní ti ìṣirò, ẹ̀ka ara ènìyàn ló ń lò ó jù, ìwalẹ̀pìtàn tẹ̀ lé e, àwọn méjì yòókù a máa lò ó díẹ̀. Irú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní statistics lédè Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tó ń sọ bóyá ìyàtọ̀ tí o rí láàárín ọ̀wọ́ egungun méjì jẹ́ èèṣì tàbí kò jẹ́ èèṣì, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn inú rẹ̀. Bí o bá lè ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tí o sì lè ka àwòrán ìṣirò láìbẹ̀rù, èyí tó o ní ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìyókù wà nínú ẹ̀kọ́ ọdún kejì.